Ẹ Jẹ́ Kí Nọ́ńbà Ọ́kítéènì Hàn Lára Pọ́ǹpù Epo

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan. Mẹkáníìkì ni mí ní Mókọ́lá, n'Ìbàdàn, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù tí à ń rọ sínú ọkọ̀ tọ́bò ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Láàárín ọdún kan, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ni wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ wá bá mi, ikú kan náà ló sì pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ti ìkẹyìn ló dùn mí jù. Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági ló ni ọkọ̀ náà, tòkunbọ̀ kékeré láti Amẹ́ríkà, lítà 1.6, ó ní tọ́bò. Láti bí oṣù mélòó kan ni wọ́n ti ń gbọ́ ìró kan bí ẹni ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, pàápàá tí wọ́n bá ń gun òkè Mókọ́lá tí ẹrù aṣọ wà lẹ́yìn. Wọ́n ní táàpẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n tún táàpẹ́ẹ̀tì ṣe. Wọ́n ní pílọ́ọ̀gì ni, wọ́n pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì. Nígbà tí a fi máa tú ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ara písítìnnì kẹta, níbi tí ríìngì ń gbé, ti fọ́. ₦1,650,000 ni Màmá fi ra ẹ́ńjìnnì mìíràn, owó ọjà sì ni. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìdérí ibi tí a ń gbà rọ epo. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé epo tí wọn yóò máa rọ sí i kò gbọdọ̀ dín sí 91. Kò sẹ́ni tó kà á rí nínú gbogbo àwa tí a ti fọwọ́ kan ọkọ̀ náà.

Ọ́kítéènì ni nọ́ńbà yẹn. Kì í ṣe agbára epo ló ń wọ̀n, ìfaradà rẹ̀ ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá fún epo àti atẹ́gùn pọ̀, ooru a mú un. Epo tí ọ́kítéènì rẹ̀ ga yóò ní sùúrù títí pílọ́ọ̀gì yóò fi dáná sí i. Èyí tó kéré lè má dúró. A gbiná fúnra rẹ̀ níbi tí kò yẹ, a sì máa lu orí písítìnnì bí òòlù. Ìyẹn ni ìró òkúta wẹ́wẹ́ tí Màmá ń gbọ́, òun gan-an sì ni òyìnbó ń pè ní nọ́ọ̀kì. Lọ́dọ̀ tiwa, tí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, òkú ẹ́ńjìnnì ló ń sọ, èyí tí béárìn rẹ̀ ti jẹ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í fi ka ìró àkọ́kọ́ sí; wọ́n rò pé nọ́ọ̀kì kò tíì dé.

Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù a máa gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo atẹ́gùn tí a bá fún pọ̀ ṣe ń ṣe. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, ìwọ̀nba atẹ́gùn tó bá fà símú fúnra rẹ̀ ló ń fún. Tọ́bò ní tirẹ̀ ń lo èéfín tó ń lọ sí sàlẹ́ńsà láti yí fáànù kékeré kan, fáànù yẹn a sì máa yí èkejì tó ń ki atẹ́gùn kún atẹ́gùn. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì kékeré ti ń rí agbára ńlá, ibẹ̀ náà ni ooru ti ń pọ̀ sí i.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe wo tọ́bò nìkan kí ẹ dájọ́. Honda CR-V tó ní tọ́bò lítà 1.5, 87 ni wọ́n ní kí wọ́n máa rọ sí i l'Amẹ́ríkà. Mazda CX-9 ti 2016 gba 87 pẹ̀lú, ṣùgbọ́n agbára ẹṣin 227 ló ń mú wá. Tí ó bá rí 93, a di 250. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lára ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ́ ìró náà, kọ̀ǹpútà a sì mú kí iná pílọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn; ìdí nìyẹn tí agbára fi ń dín. Acura MDX tó pọ̀ nígboro wa kò ní tọ́bò, síbẹ̀ 91 ni wọ́n ní kó máa mu. Ìdérí ibi ìrọpo ni kí ẹ kà, kí ẹ sì wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé nọ́ńbà náà: "recommended" jẹ́ ìmọ̀ràn, "required" jẹ́ dandan.

Oníbàárà mi kan wà tó ń wa Corolla 2005, ọkọ̀ 87 tí kò ní tọ́bò. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń da oògùn ọ́kítéènì inú ìgò sí táǹkì, ó ní ọkọ̀ òun ń fò. Mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣíwọ́. Ìgò náà ní òun ń fi "point" 30 kún un, bẹ́ẹ̀ point mẹ́wàá ló ń jẹ́ nọ́ńbà kan, ìyẹn 3 péré. Ọkọ̀ tí kò béèrè kò ní ohun tí yóò fi ṣe. Ẹgbẹ́ awakọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AAA dán epo tí ọ́kítéènì rẹ̀ ga wò nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2016, wọn ò rí èrè kankan fún ọkọ̀ tí 87 bá tó.

Ohun mìíràn tún ń da àwọn èèyàn láàmú. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Jámánì tó gba Kútọnu wọlé yóò ní 95 lára, ti Amẹ́ríkà yóò ní 91, ẹni tó ni wọ́n a máa jiyàn. Òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. Nọ́ńbà ìdánwò kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní RON, ni Yúróòpù ń kọ. Amẹ́ríkà ń ro ìdánwò méjì pọ̀, ó ń pín in sí méjì. 91 ti Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú 95 ti Yúróòpù.

Wàyí o, èwo ni tiwa? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Houston fi fọ́tò pọ́ǹpù ránṣẹ́ sí mi: 87, 89, 93, lórí ìwé aláwọ̀ ìyeyè tí òfin ní kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo ilé epo tí mo ti rọ epo n'Ìbàdàn, iye owó ni mo ń rí, n kò rí nọ́ńbà yẹn rí. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé kò sí. Epo kì í kúrò ní ilé ìfọpo láìṣe pé wọ́n dán an wò. Láti oṣù kẹsàn-án 2024 ni ilé ìfọpo Dangote sì ti ń ṣe bẹntiróòlù nílé níbí. Mo bẹ àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó epo: ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà náà bá epo dé ara pọ́ǹpù.

Kó tó dìgbà náà, ẹni tó bá ní tọ́bò tó ń fẹ́ 91, ẹ má ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì. Tí ẹ bá ń gun òkè, ẹ jẹ́ kí gíà wálẹ̀ kí ẹ tó tẹ iná mọ́ ọn, ẹ sì ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ API SP, àmì òṣùwọ̀n ọ́ìlì, sí lára. Tí ẹ bá gbọ́ òkúta wẹ́wẹ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójú ẹsẹ̀.

Písítìnnì Màmá ṣì wà lórí tábìlì mi. Òun ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi báyìí, mo sì ti ní kí wọ́n máa ṣí ìdérí ibi ìrọpo kí wọ́n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Mẹkáníìkì kan ní Mókọ́lá, Ìbàdàn