Ẹ bá àwọn ọmọ yìí ṣe ìwé wọn kí wọ́n tó pé ọdún 18

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó wà nílé ọmọ òrukàn ni mo bá wá, kì í ṣe àwọn kéékèèké tí gbogbo wa máa ń gbé ìrẹsì àti bisikíìtì lọ bá nígbà ọdún o, àwọn àgbà inú wọn ni, àwọn tó ku díẹ̀ kí wọ́n pé 18.

Ọdún kẹta rèé tí ọ̀kan nínú wọn ti ń gbé lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn, ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó dé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rán an lọ s'ọ́jà Bódìjà pé kó ra tàtàṣé àti àlùbọ́sà, òfìfo báàgì ló gbé padà, gbogbo owó sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, wọ́n dá iye fún mi, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ, mi ò ná ọjà rí." Ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa o! Ìkòkò ńlá ni wọ́n fi ń se oúnjẹ fún wọn níbi tó ti dàgbà, wọ́n á bù ú fún wọn, wọ́n á jẹ ẹ́, ó parí.

Ti ọjà ò le, oṣù díẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Ti ìwé ló le. JAMB ti ń béèrè NIN láti 2021, a fẹ́ lọ ṣe NIN, wọ́n ní ká mú ìwé ọjọ́ ìbí wá, kò sí, ẹnikẹ́ni ò gba ìwé ìbí fún un látìgbà tí wọ́n ti rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. A tún débi tí fọ́ọ̀mù ti ń béèrè ìpínlẹ̀ àti ìlú bàbá ẹni, bó ṣe gbé báírò dúró nìyẹn tó ń wojú mi.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní ẹni tí ò bá tíì pé 18 lọmọdé, àwa náà wá sọ ọjọ́ tí wọ́n bá pé 18 di ọjọ́ tá à ń ní kí wọ́n kẹ́rù wọn kúrò nílé ọmọ òrukàn. Ọmọ tèmi tí mo bí ti lé ní 25, ó ṣì ń pè mí pé "Mọ́mì, ẹ bá mi wá nǹkan". Ní England, láti 2014, ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ lè dúró lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á títí á fi pé 21 tí àwọn méjèèjì bá fẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìwé ìbí wọn lọ́wọ́ National Population Commission nígbà tí wọ́n ṣì kéré, kẹ́ ẹ máa rán àwọn ọmọ ọdún 15 lọ s'ọ́jà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n dáná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbé ìrẹsì lọ, ẹ mú ọmọ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ fún un ní nọ́ńbà yín.

Láǹlọ́ọ̀dù tí ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ mi yìí fẹ́ gba yàrá lọ́wọ́ ẹ̀ ní kó mú onídùúró wá, mo fọwọ́ sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ náà mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tí wọ́n jọ dàgbà wá, òun náà ń wá onídùúró. Mo ti fọwọ́ sí tiẹ̀ náà.

Èmi ni,
Ìyá kan n'Íbàdàn