Kí Wọ́n Kọ́ Ọmọṣẹ́ Masáàjì ní Sùúrù Kí Wọ́n Tó Fún Un ní Fírídọ́ọ̀mù

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn yín. Iṣẹ́ masáàjì ni mo ń ṣe nílùú Àkúrẹ́, bí a sì ṣe ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wa ń kọ mí lóminú.

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́, agbára ni wọ́n gbójú lé: bí oníbàárà kò bá tíì ké, a kò tíì ṣiṣẹ́ nìyẹn. Oṣù 3 péré ni mo lò kí n tó gba fírídọ́ọ̀mù. Ìgúnpá ni mo fi ń jẹun títí di ọjọ́ tí àgbẹ̀ kan, tí èjìká ń ro nítorí kòkó tó ń ká, fara rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ibi tí mo tẹ̀ ti dúdú, ọrùn rẹ̀ kò sì ṣeé yí. Kò bú mi. Ó kàn ní, “Ọmọ mi, ènìyàn ni mí o, èmi kì í ṣe iyán.” Ìtìjú yẹn ló lé mi dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó gboyè nínú fisiotẹ́rápì, pé kó kọ́ mi ní ohun tí wọ́n ń pè ní myofascial release, ìyẹn fífi ọwọ́ rọra tú awọ tó bo iṣan ara, orúkọ tí wọ́n fi pe ẹ̀kọ́ kan ní Michigan State University l'Amẹ́ríkà ní 1981.

Ẹni tó bá ti dúró nídìí tábìlì alápatà l'Ọ́jà Ọba yóò ti rí awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń bo ẹran bí ọ̀rá. Irú rẹ̀ wà lára àwa náà. Fascia ni wọ́n ń pè é, ó sì wé mọ́ gbogbo iṣan láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá náà gba ìgò àdí àgbọn lọ́wọ́ mi, nítorí ọwọ́ tó bá ń yọ̀ kò lè di awọ náà mú. Ó ní kí n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ẹni tó dùbúlẹ̀, kí n rọra tì í títí yóò fi dà bí ẹni pé nǹkan dá mi dúró, kí n sì dúró síbẹ̀. Ó ń wo aago. Nígbà tí apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, tí mo fẹ́ fi kún agbára, ó gbá mi lọ́wọ́. Ó tó ìṣẹ́jú 3 kí n tó mọ̀ ọ́n lára pé abẹ́ ọwọ́ mi ń rọ̀, bí òrí tí oòrùn ń yọ́.

N kò sọ pé oògùn gbogbo nǹkan ni. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá awọ náà ló ń nà lábẹ́ ọwọ́ ni, tàbí ọpọlọ ló kàn ń jẹ́ kí iṣan dẹ̀, ó sì yẹ kí ọmọṣẹ́ gbọ́ ìyẹn náà kí ó má baà máa ṣèlérí ìwòsàn káàkiri. Èyí tó ká mi lára jù ni ẹni tí kò yẹ kí a fọwọ́ kàn rárá. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó ń dunni, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́, ó lè já lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún mi ní gbogbo oṣù 3 yẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ fisiotẹ́rápì ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tó wà nílùú Oǹdó ni pé kí wọ́n ya Sátidé kan sọ́tọ̀ lóṣù fún àwa oníṣẹ́ masáàjì àti àwọn ọmọṣẹ́ wa. A kò ní kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi yóò san owó tèmi àti ti ọmọṣẹ́ méjì tó wà lọ́dọ̀ mi.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ masáàjì kan,
Àkúrẹ́.