Lẹ́tà sí Àjàní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lórí ẹran Iléyá

Àjàní mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Tanke? Gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ nípa rẹ ló ń dùn mọ́ mi. Ọmọ yunifásítì tí kì í ṣe yàhúù, tó ń jí lọ ṣàdúrà kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ ká dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹran Iléyá ló mú mi kọ̀wé.

Bàbá fúnra wọn ló bu itan àgbò sínú abọ́, wọ́n ní kí wọ́n gbé e fún ọ. O ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ṣàdúrà pé wàá kàwé yọrí, gbogbo ilé ṣe àmín, ìwọ panu mọ́. Bàbá tó ta iṣu kí o lè ra fọ́ọ̀mù JAMB!

Ìjọ ECWA lèmi náà ń lọ láti ìgbà tí mo ti relé ọkọ, Bàbá ò sì dí mi lọ́wọ́ rí. Mo ka Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní orí 10 tí o fi ránṣẹ́. Ẹsẹ 28 lo dì mú, pé ká má jẹ ohun tí wọ́n fi rúbọ sí òrìṣà. Ẹsẹ 27 ńkọ́, tó ní bí aláìgbàgbọ́ bá pè wá, ká jẹ ohun tó bá gbé síwájú wa? Òrìṣà wo ni Bàbá pa àgbò fún? Ọlọ́run Ábúráhámù ni. Àwọn ní Ísímáẹ́lì, àwa ní Ísáákì, àgbò kan náà ni.

O fẹ́ràn Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá, èmi náà fẹ́ràn wọn. Odò-Ọwá tó wà nítòsí wa níbí ni wọ́n bí wọn sí lọ́dún 1904. Nígbà tí ìpè dé lọ́dún 1928, ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ni wọ́n wà, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Kì í ṣe ẹnu ẹlẹ́gbẹ́ wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ìwọ ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run ló ní kí o má ṣàmín sí àdúrà Bàbá, àbí bùrọ́dá tó ń darí yín lọ́gbà ilé-ìwé? Kọ́kọ́ dá ara rẹ lóhùn kó o tó dá mi lóhùn.

Girama lo wà lọ́dún 2021 tí ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ 10 pa ní Ìlọrin nítorí híjáàbù, tí àwọn àgbàlagbà ń sọ òkò lura wọn lẹ́nu géètì. Ẹ̀rù rẹ̀ ò tíì kúrò lára mi, torí ilé bíi tiwa ló pọ̀ ní Kwara, tí Àlhájì àti díákónì jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

Pe Bàbá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Tó o bá délé, tó ò sì fẹ́ jẹ ẹran, dọ̀bálẹ̀ kó o ṣàlàyé, wọ́n á gbọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ṣàdúrà fún ọ, jọ̀ọ́ ọkọ mi, ṣe àmín.

Àǹtí rẹ,
Òmù-Àrán