Ẹ sọ oṣù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun máa dé Ṣómólú fún wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú wàhálà ìròyìn. Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gbé mi wá. Ó ti pẹ́ tí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù tí mò ń lò ti ń polówó 5G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun tó yára ju 4G tá à ń lò lọ, fún wa. Wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, wọ́n ń kéde rẹ̀ lórí rédíò, wọ́n sì gbé pátákó gàgàrà kan sí etí títì Ìkòròdú, níbi tí ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Maryland lọ sí Jíbówú kò fi ní ṣàìrí i. Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó náà ni pé ó ti dé Èkó. Ṣómólú náà, Èkó ni. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, láti Bájùláyé títí dé apá Ṣipéolú, kò tíì dé o, 4G tó sì wà nílẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ gidi kan mọ́ tó bá ti di ìyálẹ̀ta. N kò kọ̀wé láti bú ẹnikẹ́ni, n kò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n sọ fún wa, àdúgbò sí àdúgbò, oṣù tó máa kàn wá, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbi tí mùtúmùwà á ti rí i kà.

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ tiwa. Kàlẹ́ńdà, jọ́tà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, fọ́tò olóṣèlú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ẹ ń rí káàkiri Èkó àti ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá mi, inú àpò ìwé ni oníbàárà ń kó fọ́tò sí wá. A ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, a ó jọ ṣa èyí tó dára. Nígbà tó yá, ó di sídíì, ó tún di fláàṣì. Ní báyìí, orí fóònù ni gbogbo ẹ̀ ń gbà wá. Oníbàárà mi lè wà ní Ìbàdàn, ó lè wà ní Peckham, ó lè wà ní Houston. Owó á wọlé sí báńkì, fọ́tò á máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ìdí àwọn fọ́tò yìí gan-an ni wàhálà wà. Bí èèyàn bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é, WhatsApp á fún un pọ̀ kó lè tètè lọ. Lójú fóònù, ó mọ́ rekete. Ẹ gbé e sórí ìwé, kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ tó ojú ewé kan, ojú olóògbé á rí wúruwùru bíi pé wọ́n da gàrí sí i. Ohun tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń fẹ́ ni fọ́tò tó ní ẹ̀kán àwọ̀ 300 nínú ínṣì kan. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń bẹ àwọn oníbàárà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bíi dọ́kúmẹ́ǹtì ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò." Bí wọ́n bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, fọ́tò ẹyọ kan lè tó 8MB tàbí 10MB. Ìwé ètò ìsìnkú tó ní ojú ewé 40, tí fọ́tò àwọn ọmọ, ọmọ-ọmọ, àna àti ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, ẹ bá mi ṣírò iye tó máa gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Obìnrin kan tó ń gbé ní London fẹ́ sin ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú, a sì gbọ́dọ̀ kó ìwé sọ́kọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. A ti tò gbogbo iṣẹ́ tán lálẹ́ ọjọ́rú nígbà tí mọ̀lẹ́bí wọn kan ní Kánádà rí fọ́tò kan nínú ẹrù. Màmá wọ sányán, iyùn wà lọ́rùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ní nínú gbogbo fọ́tò ìyá òun, èyí nìkan ni ibi tó ti rẹ́rìn-ín, òun sì fẹ́ ẹ sí èèpo ìwé, níwájú pátápátá. Ta ló máa sọ pé rárá? Ó fi ránṣẹ́. Ó rìn dé ìdajì, ó dúró. A tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Ẹni tó máa ṣe pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé, ti jókòó, jẹnẹrétọ̀ ń jó epo, àwọn ọmọ ti fọ ẹ̀rọ sílẹ̀. Ọmọ olóògbé ń pè mí lemọ́lemọ́, "Mọ́mì Ìbejì, ṣé ó ti wọlé?" "Kò tíì wọlé, ọmọ mi." Nígbà tó yá, ohùn ẹ̀ ti yí padà, ó ní ṣé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì l'Ékòó ni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Òun náà ti gbọ́ pé 5G ti dé Èkó.

Bó ṣe di pé mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká fún méjì nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn, wọ́n rìn lọ sí etí títì l'Ónípánu, torí ibẹ̀ la mọ̀ pé ó máa ń já geere. Ó ti lé ní aago mọ́kànlá alẹ́. Ẹ̀yin náà mọ Èkó. Ọmọ tí òbí ẹ̀ fà lé mi lọ́wọ́ pé kí n kọ́ níṣẹ́ ló ń fẹsẹ̀ rìn lóru pẹ̀lú ẹrù olówó iyebíye lábẹ́ abíyá. N kò lè jókòó títí wọ́n fi dé. Mò ń lọ sídìí ẹ̀rọ, mò ń padà sẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́run kó wọn yọ, fọ́tò wọlé, a tẹ̀ ẹ́ mọ́jú, màmá sì rẹ́rìn-ín níwájú ìwé bí ọmọ ẹ̀ ṣe fẹ́. Àmọ́ n kò fẹ́ kí irú òru bẹ́ẹ̀ tún bá èmi tàbí ọmọ ọlọ́mọ mọ́.

Kì í ṣe àwa onítẹ̀wé nìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó tó gba yàrá sí Bàríga àti Oníkẹ̀, àwọn onípíọ́ọ̀sì tí owó oníbàárà ń há sọ́nà, wọ́n mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo mọ̀ pé nǹkan yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n á kàn tẹ bọ́tìnì kó sì tàn káàkiri. Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni àjọ NCC, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, ta ìgbì 5G àkọ́kọ́, ìyẹn ọ̀nà inú afẹ́fẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ń gbà, ní gbàǹjo. Ilé iṣẹ́ méjì ló rà á, mílíọ̀nù 273.6 dọ́là sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan san. Owó ńlá ni. Ọmọkùnrin kan tó máa ń wá tún òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn ilé wa ṣe ló là mí lóye ìyókù, lọ́jọ́ kan tó wọlé wá bèèrè omi. Ó ní ìgbì 3.5GHz tí wọ́n rà yẹn lè gbé ẹrù púpọ̀, àmọ́ kì í lọ jìnnà, ògiri sì máa ń gba agbára lára ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ilé wa ní Ṣómólú, ògiri ẹnì kan ló ń fara ti ògiri ẹnì kejì. Àfi kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí òpó púpọ̀ tó sún mọ́ra, kí wọ́n sì fa wáyà fáíbà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì dé ìdí wọn. Òun ló tún jẹ́ kó yé mi pé gbogbo fóònù tó wà lábẹ́ òpó kan ló ń pín ohun tí òpó náà ní. Mo wá rí ìdí tí 4G wa fi máa ń sáré láago méjì òru, tó sì máa ń wọ́lẹ̀ lọ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ kan tó sọ ni n kò lè gbàgbé. Ó ní àwọn kì í dédé lọ sídìí òpó. Ọ́fíìsì ló ń fún wọn ní ìwé: òpó báyìí lọ́sẹ̀ yìí, òpó báyìí lóṣù tó ń bọ̀. Olóòtú, ìwé yẹn ni mò ń bèèrè. Ó wà. Ẹnì kan ló jókòó tó kọ ọ́. Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní MainOne ti gba abẹ́ òkun láti Portugal dé Èkó lọ́dún 2010. Equiano tí Google ṣe gbéra láti Portugal kan náà, ó sì gúnlẹ̀ sí etíkun wa lọ́dún 2022. Bí wọ́n bá lè sọ ọdún tí wáyà máa ti òkè òkun dé etíkun Èkó, kò yẹ kó ṣòro láti sọ oṣù tó máa kúrò níbẹ̀ dé Bájùláyé.

Mo ti pe nọ́ńbà tí wọ́n ní ká máa pè. Ọmọbìnrin tó gbé e níwà púpọ̀, ó ní, "A ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, mà, láìpẹ́." N kò bínú sí i, torí ìwé tí mò ń wí yìí kò sí níwájú òun náà. Àmọ́ èèyàn ń ná owó lórí "láìpẹ́" yẹn o. Àbúrò mi tó ń ya àwòrán fún wa gbọ́ "láìpẹ́" lẹ́nu ẹni tó ń ta ọjà wọn, ó lọ ra ẹ̀rọ 5G tí wọ́n ń gbé sínú ilé. Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, 4G náà ló ń gbà, èyí tí fóònù ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń gbà. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa mélòó ló ti lọ ra fóònù olówó gọbọi ní Computer Village torí pé ó ní 5G? Bí ẹni tó tà á fún wọn bá ti fi àtẹ àdúgbò hàn wọ́n kí wọ́n tó sanwó, kálukú á mọ èyí tó máa rà lọ́dún yìí àti èyí tó máa fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Owó tá à ń san náà ti lọ sókè. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2025, NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó ìpè àti dátà. Ìdá 100 ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n ní láti 2013 ni iye náà ti wà lójú kan, dọ́là ti gbówó lórí, dísẹ́ẹ̀lì tó ń gbé òpó dúró ti gbówó lórí, àwọn sì fẹ́ rí owó tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe. Èmi náà ń ra dísẹ́ẹ̀lì, mo mọ̀ pé òótọ́ ni. A san án. Ẹni tó sanwó ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìgbà tí ọjà máa délé.

Wọ́n lè sọ pé kò ṣeé ṣe, pé òjò lè dá iṣẹ́ dúró, pé ẹni tí wọ́n jọ ń figagbága á rí ètò wọn. Àwa tá a lo GSM, ìyẹn fóònù alágbèéká, láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001 rántí nǹkan. Ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà nígbà náà. Sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, owó ìṣẹ́jú kan lọ. A bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n máa kà á ní ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n ní kò tíì ṣeé ṣe. Ilé iṣẹ́ Globacom dé lọ́dún 2003, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní ìṣẹ́jú àáyá, àwọn tó kù sì ṣe é. Lónìí náà, NCC ti pàṣẹ pé bí wọ́n bá fẹ́ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti tún un ṣe, kí wọ́n kéde fún aráàlú ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí wọ́n sì san gbà-má-bínú bó bá dákú ju wákàtí 24 lọ. Àṣẹ tó dáa ni. Kí NCC fi èyí kún un: ẹni tó bá fẹ́ polówó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun ní ìlú kan, kó kọ́kọ́ gbé orúkọ àwọn àdúgbò tó ti dé jáde, àti oṣù tó ń lọ sí èyí tó kù. Bí oṣù náà bá yẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tó dá a dúró, kí wọ́n sì dá oṣù mìíràn.

Àwa ará àdúgbò náà ní iṣẹ́ tiwa níbẹ̀, n kò ní fi pa mọ́. Àwọn kan ti wá gbẹ́ ilẹ̀ fún fáíbà ládùúgbò wa rí, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò da ṣọ́bìrì wọn nù torí owó. Àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà ń já wáyà. Bàbá onílé kan sì wà tí kò fẹ́ kí ẹ̀rọ kankan gun orí òrùlé òun, torí ìròyìn òfìfo tó kárí ayé lọ́dún 2020 pé 5G ló fa Kòrónà. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin lọ́dún 2024 láti dáàbò bo àwọn wáyà àti òpó yìí, àmọ́ òfin Àbújá kò lè dúró ní ojúlé wa. Bàbá Lándíládì lè dúró. Bí wọ́n bá kọ̀wé sí wa pé oṣù báyìí là ń bọ̀, títì báyìí la máa gbẹ́, ẹgbẹ́ onílé á ti bá àwọn ọmọ àdúgbò sọ̀rọ̀, wọ́n á sì ti pe bàbá náà jókòó.

Ẹgbẹ́ àwa onítẹ̀wé àdúgbò máa ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Kí ilé iṣẹ́ tó bá ka ìwé yìí rán aṣojú kan sí wa, kó mú àtẹ náà dání. A máa gbọ́ ọ jẹ́ẹ́, bó bá sì jẹ́ pé ọdún méjì ló kù kó tó kàn wá, kó sọ bẹ́ẹ̀. A ó mọ bá a ṣe máa ṣètò iṣẹ́ wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Ìbejì onítẹ̀wé,
Bájùláyé, Ṣómólú, Èkó.