Ẹni tó bá forí gbá títì, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń pa á kó tó dé ọsibítù

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo rí lẹ́tà tí ẹnìkan kọ sí yín pé àwọn dókítà ló ń pa àwọn tí ọ̀kadà bá gbá lágbègbè Kabba ní ìpínlẹ̀ Kogi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ẹ́májẹ́nsì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì. Ẹ̀bi ọsibítù wà níbẹ̀ o, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ojú títì ná.

Ibi tí orí ti fọ́ ti fọ́ nìyẹn. Ohun tó tún máa ń pa èèyàn lẹ́yìn ìyẹn ni kí atẹ́gùn má dé ọpọlọ tàbí kí BP já wálẹ̀. Tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá kéré sí 90 nínú 100, tàbí tí nọ́ńbà òkè BP ò pé 90, ewu ikú ti pọ̀ sí i nìyẹn, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ wá wo nǹkan tá à ń ṣe lọ́nà Kabba sí Ọbájáná níbi tí tírélà sìmẹ́ńtì ò ti jẹ́ kéèyàn mí: èèyàn á ṣubú, kò mọ ibi tó wà mọ́, wọ́n á há a sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, orí ẹ̀ á máa mì, àgbọ̀n á lẹ̀ mọ́ àyà, ahọ́n á dí ọ̀nà ọ̀fun, ó ń hanrun, wọ́n á ní ẹ jẹ́ kó sùn. Oorun wo? Atẹ́gùn ló ń wá! Ẹlòmíì á da piọ́ wọ́tà sí i lẹ́nu, ẹlòmíì á fi ìdí ṣíbí ya eyín ẹ̀, omi pẹ̀lú èébì á bá ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe nìyí: ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn wà lójú kan náà, ẹ má fún un ní nǹkankan mu, ẹ pe 122 ti FRSC, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ẹ wá mọ́tò tó lè sùn sí. Orí máa ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ tí egungun ò bá wọlé. Helmet ń kọ́? Ọwọ́ ọ̀kadà ni wọ́n gbé e kọ́ sí.

Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, a máa wò ó bóyá ó lajú, ó dáhùn, ó gbé ọwọ́ tá a ní kó gbé. Ìwọ̀n tí wọ́n ṣe ní ìlú Glasgow, ní Scotland, lọ́dún 1974 nìyẹn, a máa ń fún aláìsàn ní máàkì: 15 ló ga jù, 3 ló kéré jù, láti 8 lọ sísàlẹ̀ ló le. Tá a bá tan tọ́ọ̀ṣì sójú ẹ̀ tí ọmọlójú méjèèjì ò sún kì mọ́, ọ̀rọ̀ ti burú. Àgbàlagbà ń kú ju ọ̀dọ́ lọ, pàápàá tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì.

Àwọn ẹbí sì máa ń pariwo pé ká gún un ní dexa, ìyẹn dexamethasone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì, kí ọpọlọ má wú. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní CRASH, tí wọ́n ṣe lórí àwọn tó forí ṣèṣe, tó jáde ní 2004, èèyàn tó lé ní 10,000 ló wà níbẹ̀, fi hàn pé irú oògùn yẹn ń mú kí ikú pọ̀ sí i ni. Kẹ́mísìtì tó bá ṣì ń gún un, ẹ sá fún un.

Ẹ̀bi tiwa wá dà? Dìpọ́sítì! Òfin ìlera 2014 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, síbẹ̀ mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń wá owó káàdì nígbà tí aláìsàn ń dúdú lẹ́nu. Mo tún ti rí èyí tí wọ́n gbé lọ sí Lokoja láìsí ọ́síjìn, láìsí dírípù, láìsí nọ́ọ̀sì kan nínú mọ́tò, torí ọ̀pọ̀ ọsibítù wa ò ní síkáànù orí, kò sì sẹ́ni tó máa ṣí agbárí kẹ́jẹ̀ tó dì síbẹ̀ jáde.

Alága ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ ká yin òun, kó ra sílíńdà ọ́síjìn àti mọ́tò tó lè gbé aláìsàn sùn sí ọsibítù tó sún mọ́ títì jù, kó sì pe àwọn ọlọ́kadà Kabba, Mopa àti Isanlu jọ, kí nọ́ọ̀sì fi bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn hàn wọ́n. Mo ṣe tán láti wá, mi ò ní gbowó.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Kabba