Àkànní, má fi ìsáré wo Lisbon

Àkànní ọmọ mi,

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Mo rí lísìtì tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná, mo kà á dé ìsàlẹ̀, ibi mọ́kànlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Lisbon, pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́fà àti ọmọ ọdún méjì! Jọ̀ọ́, fara balẹ̀ gbọ́ tèmi, torí ohun tó o fẹ́ ṣe yìí, èmi náà ti ṣe é rí, ìwọ gan-an ni mo sì ṣe é fún.

Ọmọ ọdún méje ni ẹ́ nígbà yẹn. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, ká jí lọ sí àdúgbò Belém, ká wo Jerónimos, ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́, ká sáré padà wá wọ tírààmù 28, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gba àárín ìlú, ká tún gun òkè lọ sí odi São Jorge kílẹ̀ tó ṣú. Ìlà tá a tò ní Jerónimos nìkan, oòrùn ń pa wá, ebi ń pa ẹ́, o ń sunkún, èmi ń jágbe mọ́ ẹ pé kó o dákẹ́ kó o wo ibi tí wọ́n sin Vasco da Gama, atukọ̀ Potogí ayé àtijọ́, sí. Kí ló kan ọmọ tébi ń pa kan Vasco da Gama? Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ìgbà tá a máa fi wọ tírààmù yẹn, ó ti kún débi pé mi ò lè gbé ọwọ́ sókè, ká tó sọ̀kalẹ̀ wọ́n ti yọ wọ́lẹ́ẹ̀tì bàbá ẹ lápò. Torí náà tẹ́ ẹ bá máa wọ̀ ọ́, ẹ tètè jí, ẹ lọ wọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Martim Moniz kérò tó pọ̀, kí ìyàwó wa sì gbé báàgì ẹ̀ síwájú, kó má gbé e sẹ́yìn rárá.

Ó rẹ̀ wá, la bá lọ jókòó ní Largo de São Domingos, lẹ́bàá Rossio. Àwọn ọmọ Guinea-Bissau máa ń pọ̀ níbẹ̀ gan-an, obìnrin kan pàtẹ ẹ̀pà àti obì sílẹ̀, o kàn pariwo ni, "Dádì, obì!" Bàbá ẹ bú sẹ́rìn-ín. A ò gbédè obìnrin náà, òun náà ò gbọ́ tiwa, ó ṣáà mú obì kan lé ẹ lọ́wọ́, kò gbowó.

Ibẹ̀ la ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì São Domingos. Iná jó ibẹ̀ ní 1959, wọn ò sì bo àpá ẹ̀, àwọn òpó òkúta yẹn ti là, wọ́n ti ya bí ògiri amọ̀ tí ọyẹ́ fẹ́ lù, ògiri ẹ̀ sì pọ́n bí osùn. O ki ọwọ́ bọ ojú ibi tó là, o ní, "Dádì, ṣé ó ń dun òpó yìí?" Bàbá ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sọ fún ẹ nípa November 1, 1755, àárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún gbogbo ẹni mímọ́, àwọn èèyàn kún ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ mì tìtì, àbẹ́là ṣubú, iná ràn, omi òkun náà tún ya wọ ìlú. Ó sọ fún ẹ pé nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà làwọn èèyàn dúdú, ẹrú àtẹni tó ti gbòmìnira, ti ní ẹgbẹ́ ìjọ tiwọn láyé àtijọ́. O ò sunkún mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nítorí náà, nínú Belém àti Alfama, àdúgbò àtijọ́ tó wà lórí òkè, mú ọ̀kan. Tó bá jẹ́ Belém, wàá rí ère àwọn atukọ̀ lórí ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n kọ́ sétí odò ní 1960, mítà 52 ni gíga ẹ̀. Má kàn ya fọ́tò kó o kọjá. Sọ fún àgbà nínú àwọn ọmọ ẹ, bó ṣe yẹ ọmọdé, pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú, pé ìlú kan wà ní Portugal níbẹ̀ tó ń jẹ́ Lagos, ibẹ̀ ni wọ́n kó ẹrú rẹpẹtẹ gúnlẹ̀ sí ní 1444, àti pé ẹnu Potogí náà ni Èkó ti gba orúkọ Lagos. Ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ.

Tó bá jẹ́ Alfama, ẹ fi kẹ̀kẹ́ ọmọ sílé, àtẹ̀gùn ti pọ̀ jù, ẹ pọn ọmọ. Òkúta funfun tí wọ́n tò sílẹ̀ yẹn máa ń yọ̀, pàápàá tójò bá rọ̀, ẹ wọ bàtà tó gbámú. Tẹ́ ẹ bá dé Portas do Sol, ibi gíga téèyàn ti ń wo ìlú, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ ra pastel de nata gbígbóná, ìpápánu dídùn tí wọ́n fi ẹyin ṣe, káwọn ọmọ máa wo odò Tejo. Ọrùn bàbá ẹ lo gùn débẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Obì yẹn, bàbá ẹ ò jẹ ẹ́ o. Mo bá a nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀, ó ti gbẹ kanrankanran, nígbà tí mò ń palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú. Tẹ́ ẹ bá dé Largo tẹ́ ẹ sì rí àwọn obìnrin yẹn, jẹ́ kọ́mọ ẹ fọwọ́ ara ẹ̀ mú ọ̀kan fún mi.

Màmá ẹ