Aràn inú ẹran tí a ń tì pọ̀ sínú ọgbà kan

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè láti sọ̀rọ̀ lórí aràn tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn wa ní Èkìtì lásìkò òjò. Bí ẹran bá ń rù, aládùúgbò ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń fura sí, bẹ́ẹ̀ ìgbẹ́ tó wà lábẹ́ pátákò ẹran náà ló yẹ kí a yẹ̀ wò.

Abo aràn amùjẹ̀ kan, Haemonchus contortus, lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lójúmọ́, tí yóò bá ìgbẹ́ jáde. Bí ilẹ̀ bá móoru tí ó sì lọ́rinrin, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, ìdin tí ẹyin náà pa ti lè gun koríko tútù, kí ẹran mìíràn sì jẹ ẹ́ mọ́ koríko. Aràn yìí kò mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí àgùntàn. Ti coccidia, kòkòrò àìfojúrí inú ìfun tí kì í ṣe aràn, tó ń fi ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ ẹran, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọgbà, nítorí kò nílò koríko rárá: èèpo iṣu tí a dà sórí ìgbẹ́ ọlọ́rinrin tó ti lo ọjọ́ díẹ̀ nílẹ̀ ti tó o. (Coccidia ti adìẹ kì í ran ewúrẹ́.)

Kí a máa ya ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí a sì gbé oúnjẹ kúrò nílẹ̀. Bí a bá fa ìpéǹpéjú ẹran wálẹ̀ tí inú rẹ̀ funfun dípò kí ó pọ́n, dókítà ẹran ni kí a pè, kì í ṣe ẹni tó ń kiri oògùn lọ́jà.

Èmi ni,
Olùsìn ẹran kan,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.